Lẹ́tà Iwájú Orúkọ Àwọ̀

Ìṣẹ́gun, 29 Júùnù 1993

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà kíṣínì, yàrá tí a ti ń po àwọ̀ aṣọ, lónìí. Òjò ti ta sí i kí n tó dé, tàdáwà rẹ̀ sì ti ń ṣàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ká kà ṣì ṣeé kà. Àwọ̀ tí à ń rà láti òkè òkun ti wọ́n kọjá agbára ilé iṣẹ́, nítorí náà kí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà tó parí, wọ́n máa dín àwọn aláró kù. Wọn ò sọ iye ẹni tó máa lọ. Wọn ò sì sọ ohun tí wọ́n máa fi yan wọn.

Aláró mẹ́rin ló kù ní kíṣínì wa. Bàbá Làsísì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ sára aṣọ dé Ìkẹjà. Nùréènì, Reuben àti Sìlífátù, òun ló kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀. Nùréènì ló ka ìwé náà sókè. Bàbá ń fọ garawa lọ.

“Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́. Wọ́n ní àwọ̀ ti wọ́n. Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀wọ́n ni?”

“Ẹni tó bá dàgbà jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé,” Reuben ní.

“Ẹni tó bá ń gbàdúrà jù ni,” Bàbá dá a lóhùn. “Wọ́n á ní kó lọ máa gbà á nílé.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Reuben náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ku ọdún kan kí Bàbá pé ọgbọ̀n ọdún níbí. Bó bá pé e, ó di ẹni tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á sì máa fún un ní nǹkan tí yóò fi jẹun lọ́jọ́ alẹ́. Bí wọ́n bá lé e ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọwọ́ òfo ló máa gbé padà sí Agége.

Ìwé náà kò bá èmi wí. Wọ́n nílò mi fún kọ̀ǹpútà. Ara tù mí nígbà tí mo rántí ìyẹn, mi ò sì fẹ́ràn bí ara ṣe tù mí.

Ọjọ́bọ̀, 1 Júláì

Ọ̀gbẹ́ni Johnson, mánéjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, wá bá mi ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá àgbà ti ní kí òun náà mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kíṣínì. Mo fún un ní àga, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní àpòpọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ fún orúkọ, nítorí náà a fún àyè kọ̀ọ̀kan níṣẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ti aláró tó kọ́kọ́ po àwọ̀ náà. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni àwọ̀ fúnra rẹ̀. Méjì ni nọ́ńbà, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. LBLU1788 ni búlúù kẹtàdínlógún ti ọdún 1988, Làsísì ló pò ó.

“Bí mo bá wá gbàgbé nọ́ńbà ńkọ́?”

Mo ní ìdí nìyẹn tí àmì méjì fi wà. Àmì ìbéèrè dúró fún lẹ́tà kan ṣoṣo ní àyè kan ṣoṣo. Ìràwọ̀ dúró fún gbogbo ohun tó bá kù. Bó bá kọ DIR, tó ń ní kí ẹ̀rọ to orúkọ fáìlì jáde, tó sì fi LBLU*.RCP tẹ̀ lé e, gbogbo búlúù Bàbá Làsísì ló máa jáde. RCP tó wà lẹ́yìn àmì ìdúró ni gbogbo fáìlì àpòpọ̀ fi ń parí.

“Bí ogún nínú káàdì Wọ́ọ̀tì!” Inú rẹ̀ dùn. “Mo ju ogún sílẹ̀, mo pe ohun tó bá wù mí.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kó fetí sí ìyókù. Ibi tí ìràwọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa gbé orúkọ náà mì títí dé àmì ìdúró. Ohunkóhun téèyàn bá kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó kan àmì ìdúró, ẹ̀rọ yìí kò ní kà á rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ohun tó wà ní ìparí orúkọ kò gbọdọ̀ lo ìràwọ̀. Àmì ìbéèrè ni kó fi dí àwọn àyè iwájú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ fún un:

DIR ??????88.RCP

“Mẹ́fà? Madam, ìràwọ̀ kan ò ṣe iṣẹ́ yẹn?”

“Kò lè ṣe é, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìdí rẹ̀.”

Mo tún un ṣàlàyé láti orí. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ajé, 5 Júláì

A ò lè jáde. Wọ́n ń sun táyà ní gbogbo ojú ọ̀nà Agége nítorí ìbò tí wọ́n fagi lé. Èéfín rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Ọjọ́bọ̀, 8 Júláì

Ilé ṣì la wà. Kẹrosíìnì kò sí ní àdúgbò, ẹni tó ní in kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ní in. Igi la fi dáná.

Ajé, 12 Júláì

Ilé iṣẹ́ ṣí. Mo kọ DIR *.RCP bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ẹ̀rọ sì dáhùn pé òun kò rí fáìlì kankan. Mo tún un kọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibòmíràn ni mo wà nínú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ náà ni mo wà. Gbogbo àpòpọ̀ àwọ̀ tó lé ní igba ti lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ wọ́n sínú rẹ̀.

Mo bá Ọ̀gbẹ́ni Johnson ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

“Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ kíṣínì, sà?”

“Èmi ni. Mo dọ́gbọ́n wọlé ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀nà ti là díẹ̀. Akọ̀wé mi fẹ́ fi tẹ lẹ́tà, ẹ̀rọ ní àyè ti kún. Mo pa àwọn àwọ̀ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún rẹ́. A ò lò wọ́n mọ́, àbí?”

“Kí lẹ kọ?”

Ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé fún mi, inú rẹ̀ ń dùn pé òun rántí:

DEL *88.RCP

Mo ní, “Gbogbo rẹ̀ lẹ pa rẹ́.”

“Rárá o. Ti ọdún yẹn nìkan. Ìràwọ̀ kan, ọdún kan.”

“Ẹ̀rọ kò rí ọdún tí ẹ kọ. Ìràwọ̀ nìkan ló rí.”

“Kò bi mí léèrè nǹkan kan! Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ pa rẹ́, ṣé kò ní béèrè ni?”

“Ìgbà tí ẹ bá fi ìràwọ̀ sí iwájú àmì ìdúró, tí ẹ tún fi ìràwọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ló máa ń béèrè. Ẹ kọ RCP sí i, ó gbà pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.”

Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “A máa sọ pé NẸ́PÀ ló fà á.”

Káàdì tí a ti da àwọn àpòpọ̀ náà kọ, òun ló ní kí wọ́n sun wọ́n lọ́dún tó kọjá nítorí pé wọ́n gba àyè. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo kó ẹ̀dà wọn sí, ọ́fíìsì rẹ̀ náà ló gbà á láti máa fi tẹ lẹ́tà. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè òmíràn, èsì kan náà ni: kò sí dọ́là.

Mo fa wáyà yọ lára ògiri. Mo lẹ ìwé mọ́ ojú ẹ̀rọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án. Bí àwọn àpòpọ̀ yìí kò bá padà, wọn ò ní yan ẹni tí wọ́n máa lé mọ́. Gbogbo kíṣínì ni wọ́n máa tì.

Ìṣẹ́gun, 13 Júláì

NẸ́PÀ kò mú iná dé títí di ọ̀sán. Gbogbo àwọn aláró dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi bí ẹbí aláìsàn. Bàbá Làsísì nìkan ló wọlé.

“Kátírínì, ṣé wọ́n ti jóná ni?”

“Wọn ò jóná, Bàbá. Bí ẹ̀rọ yìí bá pa fáìlì rẹ́, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀, títí fáìlì mìíràn yóò fi wá jókòó lé e.”

“Bí ẹni tí onílé yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ṣì ń sùn nínú yàrá.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà.”

“Jẹ́ ká sáré pè é kí ayálégbé tuntun tó dé.”

Nígbà tí iná dé, mo kọ UNDELETE *.RCP /ALL. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kò mọ lẹ́tà tó wà ní iwájú wọn mọ́, nítorí náà ó fi # síbẹ̀ fún gbogbo wọn: #BLU1788, #RED0491, #GRN0390. Díẹ̀ kò padà. Lẹ́tà tí akọ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Johnson tẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ló jókòó lé wọn. Mo ka lẹ́tà náà. Ìkíni ọjọ́ ìbí ni.

Síbẹ̀, wọ́n padà. Sìlífátù sunkún. Nùréènì ní kí n máa bọ̀ wá jẹ ẹ̀wà, òun ló máa sanwó.

Ọjọ́bọ̀, 15 Júláì

Ọ̀gbẹ́ni Johnson ní kí n fi # sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Aṣọ là ń tẹ̀, Madam. A kì í tẹ orúkọ aláró sára aṣọ.”

Mo ṣàlàyé fún un pé bí àwọ̀ kan bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, aláró tó kọ́kọ́ pò ó là ń pè, nítorí òun ló mọ ibi tí àwọ̀ náà ti máa ń ṣe agídí. Láìsí lẹ́tà yẹn, a ò mọ ẹni tí a óò pè. Mo ní èmi fúnra mi ni màá dá a padà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Àkókò yín ni.”

Ó ti sọ fún Ọ̀gá àgbà pé NẸ́PÀ ni.

Ọjọ́rú, 21 Júláì

Kò sí àwọ̀ láti pò, nítorí náà àwọn aláró ní àyè. Mo ń ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, mo ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ẹni tó ni ín.

Mo ka #RED0491.

“Tèmi ni,” Reuben ní.

“Tìẹ bí? Ìwọ tí o máa ń da yúríà sí pupa bí ẹni ń da iyọ̀ sí ẹ̀wà?” Nùréènì ní. “Yúríà kékeré ló wà nínú ìyẹn. Èmi ni mo ni ín.”

“Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ńkọ́, Madam?” Sìlífátù béèrè. Mo kà á. Ó pàtẹ́wọ́. “Ó ki bí ẹ̀kọ! Nùréènì ló ni ín. Gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ló máa ń dí asẹ́.”

“Asẹ́ tí ìwọ ò fọ̀ dáadáa ló ń dí.”

“Ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin tí kò tíì fọ asẹ́ rí.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, ẹ̀rín ti dé kíṣínì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù tó kọjá. Nígbà tó yá, mo ka #BLU1192. Dúdú díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí kò ju ti ìka téèyàn fi tọ́ iyọ̀ wò. Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fi dúdú sí búlúù báyẹn, Bàbá Làsísì nìkan ni.

“Kọ N sí i,” Bàbá ní.

“Bàbá, ọwọ́ yín nìyí.”

“Mo ní kọ N. Mo ti fún Nùréènì.”

Mo mọ̀ pé àṣà kan wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ dá dúró nídìí garawa, Bàbá á fún un ní ọ̀kan nínú àwọ̀ tirẹ̀, lẹ́tà ọmọ náà ló sì máa ṣíwájú rẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kò dúró síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mánéjà bá bi ẹnì kan léèrè pé kí lo pò lóṣù yìí, tí ọwọ́ ẹni náà sì ṣófo, Bàbá á fún un ní òmíràn. Fáìlì lé fáìlì, dúdú yẹn ń jáde, ó sì ń ní kí n kọ N, kí n kọ R, kí n kọ S.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ L sí díẹ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó máa bínú.”

“Ẹni tó fún ọmọ láṣọ, ṣé ó tún máa ń bọ́ ọ lára rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ni?”

Mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Kò sí ẹni tó jiyàn nínú àwọn mẹ́ta yòókù.

Ẹtì, 30 Júláì

Mo parí rẹ̀. Kò sí # kankan mọ́ nínú ẹ̀rọ. Mo ra búrẹ́dì Agége lọ sílé láti fi yọ̀. Ó ti fúyẹ́ sí i, iye rẹ̀ sì ti lé sí i.

Ọjọ́rú, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀gbẹ́ni Johnson wá, ó rọra jókòó bí ọmọ ilé ìwé.

“Madam, ká ní mo fẹ́ rí ti Reuben nìkan.”

“DIR R*.RCP, sà. Níbí, ìràwọ̀ dára, nítorí iwájú orúkọ lẹ mọ̀.”

“Iye wọn ńkọ́?”

“Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ á ti kà wọ́n fún yín.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúpẹ́. Inú mi dùn pé nǹkan ti ń yé e nígbẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìwé tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà. Aláró tí kò bá ní ọgbọ̀n àpòpọ̀ àwọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ohun tí ilé iṣẹ́ lè máa bọ́. Ọjọ́ kẹrìnlélógún Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n máa kà á fún ìgbà ìkẹyìn.

Nùréènì kọjá ọgbọ̀n jìnnà. Reuben náà kọjá ọgbọ̀n. Sìlífátù ní méjìlélógún. Bàbá Làsísì ní mẹ́tàdínlógún.

Bàbá ka ìwé náà, ó sì wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wo òun. Èmi ń wò ó. Ó ní, “Kátírínì, ẹ̀rọ rẹ mọ ìṣirò o.”

Ọjọ́bọ̀, 12 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Johnson. Mo fara balẹ̀. Mo ní lẹ́tà iwájú orúkọ kò sọ iye iṣẹ́ tí èèyàn ṣe. Ẹni tí a óò pè nígbà tí àwọ̀ bá bàjẹ́ ló ń sọ. Mo sọ àṣà Bàbá fún un látòkè délẹ̀, pé ìdajì ohun tí wọ́n kà fún àwọn yòókù, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá.

“Ta ló kọ àwọn lẹ́tà náà síbẹ̀, Madam?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé ẹ kọ irọ́ ni?”

“Mi ò kọ irọ́.”

“Ó dáa. Ẹ̀rọ kì í mọ ojú, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Bí mo bá yàn wọ́n fúnra mi, wọ́n á ní mo ń ṣe ojúsàájú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á máa pariwo. Ta ló máa bá kọ̀ǹpútà jà?”

Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá àgbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ẹni tó pa fáìlì rẹ́. Mo fi hàn án lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú fáìlì òfìfo pé DEL *88 kì í ka méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun ìyanu ni.

“Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Mo ní wọ́n ti padà.

“Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe.”

Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì Zaria, méjì lókè òkun, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi jáde ní ọ́fíìsì.

Ajé, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ti pinnu, mo sì ti sọ fún àwọn aláró, pé mi ò ní yí lẹ́tà kankan padà láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nítorí náà, mo lọ bá Nùréènì nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Mo ní mẹ́tàlá péré ni Bàbá nílò. Bó bá yọ mẹ́tàlá nínú tirẹ̀, ó ṣì kọjá ọgbọ̀n dáadáa.

Kò wo ojú mi. “Madam, ọgbọ̀n ni wọ́n sọ lónìí. Bó bá di Dìsẹ́ńbà, tí wọ́n ní àádọ́ta ńkọ́?”

“Nùréènì, dúdú wà nínú wọn. Ìwọ náà mọ̀.”

“Mo mọ̀.” Ó ń fún omi lára aṣọ títí tí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́. “Lẹ́tà ta ló wà níwájú wọn?”

“Tìrẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Madam. Mo ní ọmọ mẹ́rin.”

Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìṣẹ́gun, 17 Ọ́gọ́ọ̀sì

Reuben ní òun máa gbé e lọ síwájú Olúwa. Mo ní ká gbé e lọ síwájú kọ̀ǹpútà, ó súnmọ́ wa jù. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré.

Ẹtì, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìjọba ti yí padà, a ò mọ sí kí ni. Kò sí epo. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹjà dé Agége, mo wọ ọkọ̀ agbégi dé ilé.

Ajé, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Sìlífátù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

“Àǹtí, ẹ kó tèmi fún Bàbá.”

“Mélòó?”

“Gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tiwọn náà ni. Orúkọ mi la kàn fi sórí rẹ̀.”

“Bí mo bá kó o fún wọn, ìwọ lo máa lọ.”

“Méjìlélógún kò gbà mí là, bí ẹ kó o tàbí ẹ ò kó o. Ó kéré tán, ẹnì kan á kù.”

Ọkọ rẹ̀ ti wà nílé láti ìgbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ tiwọn pa ní Ìlúpéjú. Owó oṣù rẹ̀ nìkan ni ilé wọn ń jẹ. Ó dúró, ó ń fi ọwọ́ tí aró ti wọ èékánná rẹ̀ nu ojú. Òun ló kéré jù nínú wọn, òun ló sì ní ohun tó kéré jù láti fún ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló wá.

Mo ní mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Bàbá kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọjọ́bọ̀, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo sọ fún Bàbá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó bínú sí mi.

“Ìwọ gbọ́ ọ, o wá ń bi mí? Kí n bọ́ aṣọ lára Sìlífátù?”

“Bàbá, ó ku ọdún kan ṣoṣo kí ẹ pé.”

“Mo mọ iye tó kù. Èmi ni mo ń kà á.”

Ó kúrò lọ́dọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó sì kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ojú rẹ̀ kò sí lára mi.

Ìṣẹ́gun, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò láti àárọ̀. Àwọ̀ díẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan, wọ́n tẹ aṣọ ilé ìwé aláwọ̀ búlúù. Ó jáde dáadáa. Kò sẹ́ni tó yọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀la ni wọ́n máa kà á. Lọ́sàn-án, Bàbá wọlé, ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí rí.

“Fi tèmi hàn mí.”

Mo kọ DIR L*.RCP. Mẹ́tàdínlógún. Ó fi ìka tẹ̀ lé wọn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó ń sọ ìtàn wọn: èyí ni wọ́n fi ṣe aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, èyí kọ̀ láti gbẹ nígbà òjò, èyí ni òun pò lọ́sẹ̀ tí ìyàwó òun kú, ó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ṣé ọ̀nà wà tí èèyàn fi lè yí lẹ́tà wọn padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?”

“Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, sà. Màá kọ lẹ́tà tó wà níbẹ̀ àti ìràwọ̀, màá kọ lẹ́tà tuntun àti ìràwọ̀. Ìyókù orúkọ kò ní yí.”

“Mẹ́tàdínlógún lé méjìlélógún, ó kọjá ọgbọ̀n?”

“Ó kọjá rẹ̀.”

“Fún Sìlífátù.”

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ní Bàbá, bí a bá ṣe é, kò ní ku nǹkan kan fún yín. Ó ní ohun tí kò gba òun là, kí ló kù tí òun máa fi ṣe?

“Ìwọ lo sọ fún wọn pé ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti fẹnu mi sọ ọ́. Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ kírun.”

Mo tẹ̀ ẹ́:

REN L*.RCP S*.RCP

Kò gbà ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí lọ. Ẹ̀rọ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó dìde, ó ní kí n má tíì sọ fún Sìlífátù, kó má baà wá máa kúnlẹ̀ fún òun níwájú àwọn èèyàn.

Ẹtì, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀gbẹ́ni Johnson fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Kò béèrè ìrànlọ́wọ́ mọ́. N*, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. R*, ó kọ ọ́. Nígbà tó dé S*, ó rí mọ́kàndínlógójì, ó sì yí ojú sí mi.

“Madam, mo rí ohun tí ẹ ṣe o.”

“Ẹni tó ni ín ló ní kí n ṣe é. Mo lè pè é wá bá yín sọ ọ́.”

“Ẹ má pè é.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Owó oṣù Sìlífátù kò tó nǹkan. Ẹni tí a ń wá ṣì wà níbi tó wà.”

Ó kọ DIR L*.RCP. Ẹ̀rọ dáhùn pé òun kò rí fáìlì kankan. Ó fi bírò kan ojú ẹ̀rọ ní ibi tí èsì náà wà.

“Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Madam. Ẹ wò ó. Kò ṣe nǹkan kan.”

Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún òun, ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún Ọ̀gá àgbà, ọ̀kan tí wọ́n máa so mọ́ lẹ́tà tí wọ́n máa fi lé Bàbá Làsísì. Mo tẹ̀ ẹ́.